Ariwo Tápẹ́ẹ̀tì Nínú Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Akẹ́rù Àtijọ́: Ohun Tí Ẹ Ó Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Sọ Ẹ́ńjìnì Kalẹ̀

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, irúgbìn àti kòkòrò ajẹnirun la sábà máa ń bá yín sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kórè tí kò rí ọkọ̀ gbé ìkórè náà dé ọjà, kí ló kó? Ìdí nìyí tí a fi ní kí á yà sí ọ̀nà mẹkáníìkì díẹ̀ lónìí. Ìbéèrè tí àwọn ẹgbẹ́ tó ní ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ máa ń bi wá ni pé: ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wa ń dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ, mẹkáníìkì sì ní àfi kí á sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni?

Nígbà mìíràn, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni, tàbí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì kan tí sípánà lè yanjú láàárín wákàtí méjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn. Kì í ṣe Bedford tí àwọn bàbá wa fi ṣe bọ́lẹ̀kájà, kì í sì í ṣe Mercedes 911. Àwọn wọ̀nyẹn, tápẹ́ẹ̀tì líle ni tiwọn. Mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ fi àlàfo kékeré sílẹ̀ láàárín rọ́kà àti fáàfù wọn, ìró díẹ̀ sì jẹ́ ara wọn. Ọkọ̀ tí mo ń sọ ni pick-up àti ọkọ̀ akẹ́rù Amẹ́ríkà, pàápàá Chevrolet àti GMC tí ẹ́ńjìnì wọn ní sílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀léra, tí wọ́n ń pè ní 230, 250 àti 292. Ti 230 àti 292 bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù ọlọ́dún 1963, 250 sì tẹ̀ lé wọn ní 1966. Tápẹ́ẹ̀tì inú wọn kì í ṣe irin gbọingbọin. Ọ́ìlì ló wà nínú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Irú èyí, bó bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó yẹ kó dákẹ́ ni. Àwọn ẹ́ńjìnì V8 àtijọ́ wọn náà ń lo irú tápẹ́ẹ̀tì kan náà.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Irin gígùn kan wà nínú ẹ́ńjìnì tó ní kókó kókó lára, òun ni kámúṣáàfù. Bí ó ti ń yí, kókó kọ̀ọ̀kan ń ti tápẹ́ẹ̀tì kan sókè. Tápẹ́ẹ̀tì á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní púṣìrọ́ọ̀dù, ọ̀pá yìí á ti ẹ̀yìn rọ́kà, ẹnu rọ́kà á sì tẹ fáàfù kó lè ṣí. Sílíńdà mẹ́fà, fáàfù méjì méjì: tápẹ́ẹ̀tì méjìlá nìyẹn, gbogbo wọn ń lọ sókè sódò ní àìmọye ìgbà kí ẹ tó ti oko dé ọjà.

Ẹ mọ̀ pé irin máa ń gùn sí i bó bá gbóná. Bí kò bá sí àlàfo kankan láàárín àwọn irin wọ̀nyí, fáàfù kò ní í lè padé dáadáa nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Bí àlàfo bá sì wà, irin á máa gbá irin. Tápẹ́ẹ̀tì ọlọ́ìlì ló yanjú ìjà yìí. Ó dà bí ife kékeré tí ife mìíràn wọ inú rẹ̀. Sípíríǹgì wà lábẹ́ ife inú, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan sì ń ṣọ́ ojú ihò rẹ̀ bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Pọ́ǹpù ọ́ìlì á ti ọ́ìlì wọ inú rẹ̀. Bí kókó kámúṣáàfù bá ti gbé tápẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù á dí ihò, ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ kò ní í rí ibi gbà, á sì le bí òkúta. Lórí ọ́ìlì líle yìí ni fáàfù ti ń ṣí. Bí kókó bá ti kọjá, sípíríǹgì á ti ife inú sókè kó lè dí àlàfo, ọ́ìlì tuntun á sì rọ́pò ìwọ̀nba tó jò. Ìjò díẹ̀ yẹn kì í ṣe àléébù. Òun ni kì í jẹ́ kí fáàfù ṣí sílẹ̀ nígbà tí irin bá gùn. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Cadillac ti ń lò ó nínú ẹ́ńjìnì V16 rẹ̀ ní 1930, torí olówó tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnì.

Bí ẹ bá ti lóye pé ọ́ìlì ló ń gbé fáàfù, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó wò. Bí ọ́ìlì kò bá dé inú tápẹ́ẹ̀tì, àlàfo dé nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì, yóò máa rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ fọ́ọ̀mù, torí afẹ́fẹ́ ṣe é fún pọ̀, ọ́ìlì kò ṣe é fún pọ̀. Bí ìdọ̀tí bá há sábẹ́ bọ́ọ̀lù, ilẹ̀kùn kò ní í tì. Bí ẹ̀dà ọ́ìlì àtijọ́ bá sì lẹ̀ mọ́ ife inú, kò ní í lè gòkè mọ́.

Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ kan ní agbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Pick-up wọn, Chevrolet ẹlẹ́ńjìnì 250, ń pariwo débi pé àwọn ọmọ iléèwé ti sọ ọ́ lórúkọ. Mẹkáníìkì ti ní kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, ó sì ti kọ iye owó fún wọn. Bàbá Akápò fà mí sẹ́yìn ilé ìtajà ẹgbẹ́, ó rọra sọ fún mi pé, “Ọ̀gá Ágíríìkì, ẹ bá wa wò ó dáadáa o. Owó tí ọkùnrin yẹn ní ká mú wá yìí, owó ajílẹ̀ àgbàdo ọdún yìí ni.”

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n mo ti wa ọkọ̀ iṣẹ́ ìjọba tó gbó ju ti ọjọ́ orí mi lọ, mo sì ti sùn sábẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà oko, ìyẹn náà ilé ẹ̀kọ́ ni. Mo ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo dúró kí ẹ́ńjìnì sinmi díẹ̀, mo fa géèjì ọ́ìlì. Ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè ní ìwọ̀n ìka méjì! Mo bi dẹ́rẹ́bà, ọmọkùnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, pé kí ló máa ń ṣe bí ẹ́ńjìnì bá ti ń dún.

“Mo máa ń bu ọ́ìlì kún un ni, sà. Bó bá tún dún, máa tún bù ú kún un.”

Kò purọ́, kò sì jalè. Ohun tó rò pé ó dára ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, kírááǹkì tó ń yí nísàlẹ̀ á máa lù ú bí ẹni ń po ẹyin, á di ìfófòó, pọ́ǹpù á sì máa fa ìfófòó náà lọ sínú tápẹ́ẹ̀tì. Bí ọ́ìlì bá kéré jù náà, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí àpọ̀jù àti àìtó fi ń fa ariwo kan náà. A dà á dànù, a pààrọ̀ fílítà, a da tuntun sí i títí dé àmì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n wà á lọ wà á bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo ariwo náà ti lọ, ó ku ìró kan ṣoṣo, tí, tí, tí, lápá iwájú. Mo máa sọ bí a ṣe mú ìyẹn náà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tẹ́tí sí ìgbà tí ariwo ń wáyé. Bí ó bá dún ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì, tó sì dákẹ́ kí èèyàn tó ka mẹ́wàá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Nígbà tí ọkọ̀ sùn, àwọn fáàfù kan wà ní ṣíṣí, sípíríǹgì wọn sì ti fún ọ́ìlì jáde nínú tápẹ́ẹ̀tì. Bí ọ́ìlì bá dé, wọ́n á tún kún. Bí ó bá ń pẹ́ lójoojúmọ́, ẹ wo fílítà; àwọn gbàrọgùdù kan wà tí kò ní rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró sínú rẹ̀.

Bí ó bá dákẹ́ nígbà tó tutù, tó wá ń dún ní síló lẹ́yìn tó ti gbóná, tí ó sì tún dákẹ́ bí ẹ bá tẹ epo sí i, ọ́ìlì yín ti fúyẹ́ jù, tàbí kí agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, tàbí kí tápẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ti jẹ. Bí ó bá dákẹ́ ní síló ṣùgbọ́n tó ń pariwo lórí eré, ẹ fa géèjì kí ẹ tó ronú ohun mìíràn. Bí ó bá sì ń dún nígbà gbogbo, lójú kan ṣoṣo, ẹ fura sí tápẹ́ẹ̀tì tó há, nọ́ọ̀tì rọ́kà tó tú, púṣìrọ́ọ̀dù tó tẹ̀, tàbí kókó kámúṣáàfù tó ti jẹ.

Àwọn ìró kan sì wà tó ń fara wé tápẹ́ẹ̀tì. Mánífóòdù sàlẹ́ǹsà tó ń jò ní etí gáàsíkẹ́ẹ̀tì máa ń dún tí-tí-tí gan-an, pàápàá ní òwúrọ̀, á sì rọlẹ̀ bí irin bá gbóná tó sì fẹ̀. Ẹ wo ẹnu ìdè rẹ̀, ẹ ó rí ẹ̀dú dúdú níbi tó ti ń jò. Pọ́ǹpù epo tí kámúṣáàfù ń tì náà lè máa dún. Ẹ fi ìdí ọ̀pá igi gígùn kan ibi tí ẹ fura sí, kí ẹ fi ìkejì sún mọ́ etí. Ìró á sọ ilé rẹ̀ fún yín. Kí ẹ ṣọ́ra fún fáànù àti bẹ́líìtì o, kí ẹ sì ká ọwọ́ agbádá tàbí ìró ìborùn kúrò níbẹ̀.

Èyí tó burú ni ìró tó wúwo, gbọ́-gbọ́-gbọ́, tó ń ti ìsàlẹ̀ wá, tó sì ń le sí i bí ọkọ̀ bá ru ẹrù gun òkè. Bí wọ́n bá yọ wáyà plọ́ọ̀gì sílíńdà kan tí ìró náà sì rọlẹ̀, bẹ́ríǹ ìsàlẹ̀ ni, kì í ṣe tápẹ́ẹ̀tì. Ìró tápẹ́ẹ̀tì kì í yí padà nítorí plọ́ọ̀gì. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi ohun tí iná kì í gbà kọjá yọ ọ́, torí iná rẹ̀ máa ń gbá èèyàn. Bó bá jẹ́ bẹ́ríǹ, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ má wà á lọ síbì kankan. Sísọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ ló kàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ́ìlì. 15W-40 tàbí 20W-50 tó dára bá ojú ọjọ́ wa mu fún ẹ́ńjìnì àtijọ́ wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àwọn ọ́ìlì fúyẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ bẹntiróòlù tuntun, pàápàá láti ìgbà tí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní API SM jáde ní 2004, wọ́n ti dín fọ́sífọ́ọ̀sì inú wọn kù, torí ó ń ba ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín ọkọ̀ tuntun jẹ́. Fọ́sífọ́ọ̀sì yìí àti síńkì ló ń dáàbò bo ìdí tápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tó ń ha kókó kámúṣáàfù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi 5W-30 lọ̀ yín pé òun ló wọ́n jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ dá a padà; kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọkọ̀ yín. Ẹ ra ọ́ìlì tí ìdérí rẹ̀ kò tíì já. Ọ́ìlì tí wọ́n tún rọ sínú kẹ́ẹ̀gì àtijọ́ lè ba ẹ́ńjìnì jẹ́.

Mo mọ̀ pé inú àwọn mẹkáníìkì kan kò ní í dùn sí mi bí mo bá sọ èyí: ẹ má jẹ́ kí wọ́n da kẹrosíìnì sínú ẹ́ńjìnì kí wọ́n wá máa rẹ́ẹ̀sì rẹ̀ láti fi fọ̀ ọ́. Kẹrosíìnì máa ń fọ ọ́ìlì kúrò lára bẹ́ríǹ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹrẹ̀ ọ́ìlì ti kún inú ẹ́ńjìnì, á ṣí i nídìí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrẹ̀ á lọ dí asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù. Ọ̀nà tó lọ́ra ló dára: ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, ẹ wà á bíi ẹgbẹ̀rún kìlómítà, kí ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì tuntun ní ọṣẹ nínú, á máa fọ ibi tó lẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí ìró kan bá kù lẹ́yìn èyí, bí ó ti kù fún ẹgbẹ́ Bàbá Akápò, ẹ ṣí ìdérí fáàfù lókè. Bí ẹ́ńjìnì bá wà ní síló, ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì ń dé orí gbogbo rọ́kà. Inú púṣìrọ́ọ̀dù ní ihò bí ìdí ewéko ìbẹ́pẹ, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà gòkè. Rọ́kà tó gbẹ, ihò púṣìrọ́ọ̀dù tirẹ̀ ló dí, tàbí ti tápẹ́ẹ̀tì. Kí mẹkáníìkì wá ti fílà géèjì bọ àárín ẹnu rọ́kà àti fáàfù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìró ti yí padà, ibẹ̀ ni olè wà. Ti wọn, fáàfù èéfín sílíńdà kẹta ni.

Ṣíṣe àtúnṣe nọ́ọ̀tì rọ́kà kò le, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ yí kírááǹkì títí sílíńdà kìíní yóò fi wà lókè pátápátá pẹ̀lú fáàfù rẹ̀ méjèèjì ní pípadé. Rọ́tọ̀ inú dísítíríbútọ̀ á kọjú sí wáyà plọ́ọ̀gì kìíní. Ẹ tú nọ́ọ̀tì rọ́kà títí púṣìrọ́ọ̀dù yóò fi máa mì. Ẹ wá máa fi ìka méjì gbé e sókè sódò bí ẹ ti ń dè é padà díẹ̀díẹ̀. Níbi tí mímì náà ti tán gan-an, ẹ dúró. Láti ibẹ̀, yípo kan péré ni kí ẹ fi kún un. Ẹ ṣe fáàfù kejì bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí kírááǹkì ní ìdá mẹ́ta yípo kan, ẹ bọ́ sí sílíńdà karùn-ún, lẹ́yìn rẹ̀ ìkẹta, ìkẹfà, ìkejì àti ìkẹrin, torí bí wọ́n ṣe ń jó epo tẹ̀léra nìyẹn: 1, 5, 3, 6, 2, 4.

Àṣìṣe tí mo rí jù ni pé kí mẹkáníìkì máa de nọ́ọ̀tì títí ariwo yóò fi lọ, kó wá fi agbára kún un. Ariwo á lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fáàfù kò ní í padé tán mọ́, ọkọ̀ kò ní í lágbára, á máa sítáàtì tipátipá, iná á sì jó etí fáàfù èéfín. Ariwo kékeré sàn ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí àtúnṣe kò bá mú un, àfi kí a yọ tápẹ́ẹ̀tì náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ ti ń já nìyí: ní ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́fà yìí, ìdérí pẹlẹbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní òdìkejì mánífóòdù. Bí wọ́n bá tú u, tí wọ́n yí rọ́kà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n sì fa púṣìrọ́ọ̀dù jáde, ọwọ́ ti dé tápẹ́ẹ̀tì. Orí ẹ́ńjìnì kò kúrò níbẹ̀. Ní V8, mánífóòdù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lókè ni wọ́n á yọ. Ẹ fi bébà sàmì sí tápẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, torí ó gbọ́dọ̀ padà sí ihò tirẹ̀, lórí kókó tirẹ̀. Ẹ túká ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan; ife inú ti ọ̀kan kò bá ti ìkejì mu. Bẹntiróòlù mímọ́ àti aṣọ tí kì í tú òwú ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, jìnnà sí iná, kò gbọdọ̀ sí yanrìn bébà lára rẹ̀.

Ẹ wá yí ìdí rẹ̀ síta, kí ẹ fi ìdí tápẹ́ẹ̀tì méjì kan ara wọn níwájú ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ń mì díẹ̀ lórí ara wọn, ìdí wọn ṣì yọ ikùn bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín wọn, ìdí ti jẹ kòtò, kókó kámúṣáàfù tó ń gbé e náà sì ti jẹ. Fífọ̀ kò lè wo ìyẹn sàn. Kámúṣáàfù tuntun gbọ́dọ̀ bá tápẹ́ẹ̀tì méjìlá tuntun rìn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó, ẹ má jẹ́ kó wà ní síló rárá. Kí ó máa sáré ní bíi yípo 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, fún ogún ìṣẹ́jú, kí ọ́ìlì lè máa fọ́n sórí kókó tuntun.

Ti ẹgbẹ́ Bàbá Akápò kò dé ibẹ̀. Ẹ̀dà ọ́ìlì dúdú ló há ife inú tápẹ́ẹ̀tì sílíńdà kẹta. A fọ̀ ọ́, a dá a padà, a tò ó. Owó tí wọ́n ná kò tó ìdá mẹ́wàá iye tí mẹkáníìkì kọ, wọ́n sì ra ajílẹ̀ wọn.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe rí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ẹgbẹ́ mìíràn kó ẹ̀gẹ́ lọ sí ilé gàrí, ọkọ̀ ń dún, iná pupa ọ́ìlì sì ń tàn tó ń kú. Dẹ́rẹ́bà pè mí lórí fóònù. Mo ní, “Ẹ rọra máa lọ, ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ sùn.” Kìlómítà méje ni wọ́n tún lọ tí ẹ́ńjìnì fi gan. Kì í ṣe tápẹ́ẹ̀tì ni iná pupa ń sọ, pọ́ǹpù kò ti ọ́ìlì mọ́ ni. Ẹ̀gẹ́ náà lo ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà, ó ti ń dúdú nínú kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn. Ọkọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́yìn ọgbà wọn, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Nítorí náà, bí iná pupa bá tàn, tàbí tí ọwọ́ géèjì ọ́ìlì iwájú dẹ́rẹ́bà bá ṣubú, ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, ibi yòówù kí ẹ wà, ẹrù yòówù kí ẹ kó.

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ìwé kékeré sínú ọkọ̀, kí dẹ́rẹ́bà máa kọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn, àti iye ọ́ìlì tí wọ́n bù kún un láàárín. Ọ́ìlì dúdú tí ẹ dà jáde, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí. Ẹ má dà á sí odò tàbí sí etí kànga.